Prínǹtà Tó Ń Lu Bébà: Ìdí Tí Dot Matrix Kò Fi Tíì Kú

 Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí prínǹtà kan tí àwọn ọmọ yín lè máa pè ní pàǹtí: èyí tó máa ń pariwo bó bá ń tẹ̀wé, tí bébà rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Dot matrix ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ sí Hyattsville, tàbí tó ń kó ọkọ̀ àti ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó láti Beltsville, ó yẹ kó mọ ìtàn rẹ̀ kó tó náwó sí prínǹtà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn. Abẹ́rẹ́ irin tín-ín-rín ló tò sí orí rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Mágínẹ́ẹ̀tì oníná á ta abẹ́rẹ́ síwájú, abẹ́rẹ́ á lu ríbọ́ọ̀nù, yíǹkì á sì fi àmì kékeré kan sára bébà. Bí orí náà ti ń sáré lọ sáré bọ̀, àwọn àmì wọ̀nyẹn á kóra jọ di lẹ́tà.

Ilé iṣẹ́ Centronics ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, tó jáde láti ara Wang Laboratories, gbé Model 101 jáde ní 1970. Abẹ́rẹ́ 7 ló ní. Ọjà náà gbà á, àmọ́ àwọn ará Japan já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Epson (ìtumọ̀ orúkọ náà ni "ọmọ EP", nítorí EP-101, prínǹtà kékeré tí wọ́n ṣe ní 1968, àwọn náà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ) gbé MX-80 jáde ní 1980. Abẹ́rẹ́ 9 ló ní, ó sì ń tẹ lẹ́tà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC jáde ní August 1981, MX-80 yìí kan náà ni wọ́n lẹ orúkọ IBM mọ́ tí wọ́n sì ń tà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1987, Centronics ta òwò prínǹtà rẹ̀ fún Genicom.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Lẹ́tà ńlá ti gba abẹ́rẹ́ 7 tán, kò sí àyè fún àmì abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ. Abẹ́rẹ́ 2 tí wọ́n fi kún un, ìrù g, p àti y ni wọ́n rò mọ́ ọn. Àyè wá wà, ṣùgbọ́n lẹ́tà wa kò sí lára èyí tí wọ́n kó sínú prínǹtà. FX-80 ti 1983 ló gba ẹni tó rà á láyè láti fi kọ̀ǹpútà ya lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

HP LaserJet dé ní 1984, $3,495. Nígbà tó yá, owó prínǹtà lésà wálẹ̀, ariwo sì dínkù. Ṣùgbọ́n lésà kì í lu bébà. Bí ẹ bá to bébà oníkábọ̀n 3 léra, abẹ́rẹ́ á lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ti oníbàárà, ti awakọ̀, ti ọ́fíìsì, ìbuwọ́lùwé kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà kò fi tíì jù ú nù. Nílé ìdáná, bébà rìsíìtì tí ooru fi ń kọ̀wé á dúdú bó bá súnmọ́ iná. Irú Epson TM-U220 tó ń lu bébà lásán ló yẹ níbẹ̀. Ó tún lè fi yíǹkì pupa kọ "má fi ata sí i", bí oníbàárà wa kan bá lè sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́tà lásán lẹ máa ń tẹ̀, ẹ ra lésà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ wo ojú ibi tí wáyà ń wọ̀. Àwọn ti àtijọ́ ń lo ojú Centronics, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà òde òní kò ní in. Ẹ ó nílò wáyà tó ń yí i sí USB. Ẹ béèrè bóyá ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tàn án níṣojú yín. Lára ọ̀pọ̀ Epson, bí ẹ bá di bọ́tìnì LF mú bẹ́ ẹ ti ń tàn án, á tẹ ìdánwò fúnra rẹ̀. Bí ìlà funfun kan bá gba àárín gbogbo lẹ́tà kọjá ní ibi kan náà, abẹ́rẹ́ kan ti kú, owó orí tuntun sì lè ju owó prínǹtà náà lọ.