Ibi Tí Epo Ń Bá Lọ Nínú Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì gbo ara wọn kíákíá. Ó ti gbóná, àbí? Ẹ má gbàgbé ooru yẹn, òun ni a máa fi mọ ibi tí owó epo àwọn òbí yín ń bá lọ láràárọ̀, láti Ajah títí dé Lekki Phase One.

Ọkọ̀ kòrópe tó kúrò ní Ajah kò ní í sáré jìnnà kó tó dúró ní Ikota. Á gbéra, á tún dúró ní Chevron, á tún dúró ní Jakande. Gbogbo ìgbà tó bá gbéra, ẹ́ńjìnì ní láti jó epo kó tó lè ní agbára eré. Bí awakọ̀ bá wá tẹ bíréèkì, agbára yẹn kò parun, nítorí agbára kì í parun. Ṣe ló di ooru lára bíréèkì, bó ṣe di ooru lọ́wọ́ yín, afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ tún ń fi agbára ṣòfò: bí a bá pín agbára inú bẹntiróòlù sí mẹ́rin, bí ìdá kan péré ló ń dé táyà.

Èyí tó máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu jù rèé. Lítà epo kan kò wúwo tó kìlógíráàmù 1, síbẹ̀ bó bá jó tán, carbon dioxide tó ń tú jáde lé ní kìlógíráàmù 2. Níbo ni èlé ti wá? Inú afẹ́fẹ́ ni. Káábọ̀nù kan ń so mọ́ ọ́síjìn méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ́síjìn náà sì wúwo ju káábọ̀nù lọ.

Ọkọ̀ oníná yàtọ̀. Bó bá fẹ́ dúró, táyà ló ń yí mọ́tò rẹ̀ bíi jẹnẹrétọ̀, tí púpọ̀ nínú agbára eré ń padà sínú bátìrì. Oslo, olú ìlú Norway, ti fi bọ́ọ̀sì oníná rọ́pò púpọ̀ nínú ti dísẹ́ẹ̀lì. Lọ́ńdọ̀nù ní tiẹ̀ ti ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú láti 2003, kí ọkọ̀ lè dín kù. Ẹ má fi wé tóógéètì Lekki ti 2011 o: owó tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà ni ìyẹn ń wá nígbà náà. Lọ́ńdọ̀nù sì fi bọ́ọ̀sì kún bọ́ọ̀sì. Ta ló máa fi mọ́tò rẹ̀ sílé nígbà tí kò rí bọ́ọ̀sì gidi wọ̀?

Lọ́dọ̀ tiwa ní Èkó, láti ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin oníná, Blue Line, ti ń gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2. LAMATA, àjọ ìrìnnà Èkó, ti ya Green Line sórí máàpù, láti Marina lọ sí Lekki Free Zone. Ó ń dùn mí pé ọmọ Ajah kò tíì rí i wọ̀.

Ọmọ kan bi mí pé, “Tíṣà, iná yẹn ńkọ́, ṣé wọn kì í jó nǹkan kó tó wá?” Ìbéèrè gidi ni. Bẹ́ ẹ bá dúró ní èbúté Badore, ẹ wo òdìkejì ọ̀sà lápá Ìjẹdẹ: apá ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Egbin wà, gáàsì ló sì ń jó. Ní Norway, omi ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn. Èéfín tiwa kò tíì tán, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ oníná bá dé, yóò kúrò nímú àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ lábẹ́ bíríìjì Ajah, yóò sì kéré sí tòní.