Ẹsẹ̀ Tutù, Inú Ń Gbóná: Bí Sẹ́ńsọ̀ Àlẹ̀mára Ṣe Ń Mọ Ìgbóná Ara Aláìsàn



Lọ́jọ́ tí mo lọ wo bàbá mi ní ICU, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ẹsẹ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ó tutù bí omi àmù. Mo sáré fa aṣọ láti bò wọ́n, ni nọ́ọ̀sì bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bò wọ́n o, ara wọn ń gbóná." Ó nawọ́ sí nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú orí wọn, lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ: 39.4. Ẹnu yà mí. Ta ló ń parọ́, ọwọ́ mi ni àbí ẹ̀rọ?

Kò sẹ́ni tó parọ́. Inú ara lọ́hùn-ún, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wà, máa ń wà ní nǹkan bíi 37 digíríì tí ara bá le. Awọ ara máa ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìta ló kọjú sí. Tí àìsàn bá wá le, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sọ́wọ́ àti ẹsẹ̀ lè fún, kí ẹ̀jẹ̀ lè tó ọkàn àti ọpọlọ lò. Ẹsẹ̀ á tutù, inú á máa jó.

Àwọn dókítà lè ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní sẹ́ńsọ̀ sínú àpò ìtọ̀ tàbí ọ̀nà ọ̀fun. Ó péye, ṣùgbọ́n kò rọ aláìsàn lọ́rùn. Tẹmómítà abíyá rọrùn, àmọ́ tí nọ́ọ̀sì bá fi wò ó láago méjìlá, tí kò tún wò ó títí di aago mẹ́rin, ta ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín?

Ibí ni sẹ́ńsọ̀ àlẹ̀mára ti wúlò: kì í sinmi. Báwo ló ṣe ń mọ ohun tó wà nínú? Ní 1971, Fox àti Solman ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọgbọ́n kan jáde. Ṣé ẹ ti rí i tí wọ́n ń kó ẹyin iná sórí ìdérí ìkòkò rí? Ooru inú ìkòkò ò ní lè gba òkè sá lọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn: wọ́n bo awọ ara, wọ́n sì ń mú òkè ìbòrí náà gbóná díẹ̀díẹ̀ títí ooru ara ò fi ní jáde mọ́. Nígbà yẹn, awọ tó wà lábẹ́ ìbòrí á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó inú ara. Òmíràn ò ní iná rárá. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó sì ń fi ìyàtọ̀ àárín wọn ṣe ìṣirò.

Àmọ́ ṣá o, tó bá ṣí kúrò lára, tàbí tí òógùn wọ abẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà náà lè ṣì wá lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra.

Bàbá mi ti padà sílé báyìí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ fi ẹsẹ̀ tutù sọ pé ara ẹnì kan ò gbóná mọ́. Kí n tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé: ibo lára ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n?