Èrò Púpọ̀ Nìkan Kò Tó: Ìmọ̀ràn fún Ẹgbẹ́ Obìnrin

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò gbójú lé nígbà tí wọ́n bá ń pe èrò jọ. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n èrò púpọ̀ nìkan kò gba ẹ̀tọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí obìnrin àti ọkùnrin jọ ní ìpín kan náà nínú ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìwé kíkà, ìṣirò owó àti ọ̀nà tí ìjọba ń gbà náwó ìlú.

Abẹ́òkúta jẹ́ ẹ̀rí. Ní 1944, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí fún, ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọjà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìwé. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo obìnrin ìlú. Owó orí ń ni wọ́n lára, àwọn aláṣẹ sì ń gba ìrẹsì mọ́ àwọn ọlọ́jà lọ́wọ́. Síbẹ̀, ariwo kọ́ ni àwọn obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n gba oníṣirò kí ó yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wá jókòó síwájú ààfin Aláké, ọba Abẹ́òkúta, ní ìparí 1947, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ tí kò ní ọ̀mọ̀wé kò lè ṣe irú rẹ̀. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kò mọ̀wé kà. Síbẹ̀, ní 1940 ó ṣíwájú wọn láti tako owó orí, ó sì bá Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó, ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú òṣèlú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹni tó mọ ìwé àti ẹni tó mọ ọjà nílò ara wọn. Àwọn mìíràn á ní obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ ìlú ń tàpá sí àṣà. Síbẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá, ará Abẹ́òkúta, ti fi Ẹfúnróyè Tinúubú jẹ Ìyálóde láti 1864. Àwọn tó kù á ní Àbújá ni agbára wà, níbi tí àwọn aṣòfin ti da àbá òfin márùn-ún tó kan obìnrin nù ní oṣù kẹta 2022. Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù wa ni aṣòfin ti ń wá ìbò. Ẹgbẹ́ tó bá lágbára ní wọ́ọ̀dù lè bi í ní ìbéèrè kí ó tó dìbò lórí àbá òfin, kí ó sì tún bi í lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìwé, ní àkókò tí ọjà bá ti tú. Ẹ máa ka ìwé owó ẹgbẹ́ sí etí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù, nítorí ẹni tí kò lè jíhìn owó tirẹ̀ kò lẹ́nu láti bèèrè owó ìlú. Ẹ fi owó tí ẹ̀yin fúnra yín dá bẹ̀rẹ̀, kí owó olóore má baà di ọ̀gá yín. Ẹ bèèrè ètò ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́dọọdún, ẹ sì mú àwọn ọ̀dọ́bìnrin dání lọ, kí wọ́n lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín.