“Ó Ju Ipò Mi Lọ”: Ìdáhùn Ni Tàbí Àwáwí?



Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì fẹ́ràn láti máa lò bí a bá bi wọ́n ní ìbéèrè tí ó le: “above my pay grade.” Ohun tí ó ń wí ni pé ọ̀ràn náà ju ipele owó oṣù ẹni lọ. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó máa fi dá ọmọnìkejì wa lóhùn.

Nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ipele owó oṣù ni a fi to àwọn ènìyàn: àwọn ọmọ ogun láti E-1 dé E-9, àwọn ọ̀gá wọn láti O-1 dé O-10. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tiwa náà mọ irú ètò bẹ́ẹ̀, láti ipele 1 dé 17. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ pinnu ohun tí ó jẹ́ ti ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, gbólóhùn yìí lè túmọ̀ sí pé, “N kò ní àṣẹ.” Ó sì tún lè túmọ̀ sí pé, “N kò ní ìmọ̀ rẹ̀.” Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, Barack Obama ń du ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ní ilé ìjọsìn Saddleback ní California, Pásítọ̀ Rick Warren bi í léèrè ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí ní ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ó fèsì pé láti dáhùn ní pàtó ju ipele owó oṣù òun lọ. Ìdáhùn náà kò tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn. Ipò wo ni ó tún ga ju èyí tí ó ń wá lọ? Ní oṣù kẹsàn-án, òun fúnra rẹ̀ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ti fúyẹ́ jù. Òun kàn ń wí pé òun kò lè pe ara òun ní ẹni tí ó mọ ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Ìmọ̀ ni ó ní lọ́kàn. Àṣẹ ni àwọn mìíràn gbọ́.

Kí ni kí àwa ṣe? Bí aládùúgbò bá béèrè oògùn tí yóò lò, tí ẹ kì í sì í ṣe dókítà, ẹ sọ gbangba pé, “N kò mọ̀ ọ́n,” kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ yín bá bi yín ní ìbéèrè ìgbàgbọ́ tí ó jìn, ẹ má ṣe lé e kúrò. Ẹ jọ lọ bá katikísì. Ṣùgbọ́n bí a bá bi yín léèrè ohun tí ojú yín rí, tàbí ẹni tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ipò tí èyí ga jù. Òtítọ́ kò béèrè owó oṣù ẹlẹ́rìí.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó bá bi wá.