Bí a ṣe ń to orin ìlú ńlá fún wákàtí kan nínú àpéjọ ọdún

Bí àwọn ará Èkó bá wálé sí Ìjerò, Àràmọ̀kọ́ tàbí Ẹ̀fọ̀n ní oṣù Kejìlá, ẹnì kan ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ orin lé lọ́wọ́. Bó bá kàn yín lọ́tẹ̀ yìí, tí ẹ sì fẹ́ fi wákàtí kan nínú alẹ́ náà gbọ́ orin tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú ńlá, ẹ lè gba ọ̀nà yìí. Wákàtí kan tó. Bó bá ti lé, àwọn tó fẹ́ jó á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

1. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kí ẹ tó yan orin

Ẹ má fi orúkọ olórin bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ojú ń rí ní ìlú ńlá sórí ìwé: ọkọ̀ àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, iṣẹ́ àti àìríṣẹ́ṣe, ìfẹ́, fàájì alẹ́, àárò ilé. Orin tí kò bá kan ọ̀kankan nínú wọn, ẹ yọ ọ́, ìbáà gbajúmọ̀ tó báwo. Ọ̀pọ̀ orin ló ń dárúkọ Èkó tí kò sọ nǹkan kan nípa Èkó. Olówó ni wọ́n ń kì níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà ijó.

2. Ẹ kó orin jọ

Mẹ́fà tó. Àwọn tí mo máa mú nìyí, ẹ lè pààrọ̀ èyí tí kò bá wù yín.

“Taxi Driver” ti Bobby Benson ni ti àkọ́kọ́. Orin háíláìfù ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti awakọ̀ takisí ló wà nínú rẹ̀. Benson yìí náà ló ni Caban Bamboo, ilé fàájì tó lókìkí nígbà ayé rẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú l'Ékòó. Àwọn àgbà tó gbé Èkó láyé ìgbà náà kò ní nílò àlàyé.

“Salome” ti I.K. Dairo tẹ̀ lé e. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni Dairo, aládùúgbò Ẹ̀fọ̀n gan-an ni. Ìbàdàn ló ti dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní 1957.

Ìkẹta yóò ya àwọn èèyàn lẹ́nu: “Plastic Love” ti Mariya Takeuchi, ọmọ Jàpáàn, tó jáde ní 1984. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni irú orin tí wọ́n ń pè ní “city pop” ti gbòde ní Tókyò. Owó ti dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú ọkọ̀ wọn, Sony sì ti gbé Walkman jáde ní 1979, ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn lè fi máa gbọ́ orin bó ṣe ń rìn lọ. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ jẹ́ ohun ìgbádùn, iná ìlú sì ń tàn lálẹ́. Ti Takeuchi yìí dá lórí obìnrin kan tí ìfẹ́ ti já kulẹ̀, tó wá ń fi ìfẹ́ ṣeré láàrin àwọn oníjó òru. Èdè Jàpáàn ló fi kọ ọ́; nítorí náà, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn èèyàn kí ẹ tó gbé e sí i.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni “Confusion” ti Fela, 1975, níbi tí ọkọ̀ ti ń ya wọ oríta Ojúẹlẹ́gba láti ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìkarùn-ún ni “Ojuelegba” ti Wizkid, tó wà nínú àwo Ayo ti 2014. Àdúgbò kan náà ni, ọdún 39 sì wà láàrin wọn: Fela ń sọ̀rọ̀ ìdàrúdàpọ̀, Wizkid ń dúpẹ́ pé ibẹ̀ lòun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi orin mìíràn sí àárín àwọn méjèèjì.

Ẹ fi orin Elémùrè Ògúnyẹmí kádìí ètò náà, kí ẹ̀ka-èdè Èkìtì lè gba ilé padà lọ́wọ́ Èkó.

3. Ẹ wọn Fela

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. “Confusion” lé ní ìṣẹ́jú 25, ohun èlò orin nìkan ni ẹ óò sì gbọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ohùn tó wọlé. Ẹ gbọ́ ọ nílé tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ohùn ti wọlé sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ níwọ̀n ìṣẹ́jú kan ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sì dín ohùn kù díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má gé e lójijì.

Ẹnì kan lè ní kí ẹ fi “Shuffering and Shmiling” tí Fela náà kọ rọ́pò rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àkúnya tó wà nínú rẹ̀. Orin gidi ni, ṣùgbọ́n ó bá àwọn olórí ìjọ àti ti mọ́sálásí wí gan-an. Bí pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù bá wà níjòókòó, ẹ rò ó dáadáa.

4. Ẹ múra ọ̀rọ̀ tó máa ṣáájú orin kọ̀ọ̀kan

Gbólóhùn mẹ́ta tó: ta ló kọ ọ́, ọdún tó jáde bí ẹ bá mọ̀ ọ́n dájú, àti ohun kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fetí sí. Àwọn orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ní ju bí ìṣẹ́jú 40 lọ, nítorí náà ẹ ní bí ìṣẹ́jú 20 fún ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ lo díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àgbà kan tó ti gbé Èkó rí, kí ó sọ bí Ojúẹlẹ́gba ṣe rí nígbà tirẹ̀. Ẹ ti bá a sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sì sọ iye ìṣẹ́jú fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí a bá ṣàdédé na gbohùngbohùn sí kì í tètè fi í sílẹ̀.

5. Ẹ tún ẹ̀rọ ṣe

Ẹ wa gbogbo orin sórí fóònù ṣáájú. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé dátà lálẹ́ tí gbogbo ará Èkó tó wálé ń lo nẹ́tíwọ̀kì kan náà. Ẹ fi ẹ̀dà kan sórí fóònù kejì. Ẹ dán sípíkà wò nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, torí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn Dairo mọ́lẹ̀. Orin àtijọ́ kì í sábà pariwo tó ti òde òní, nítorí náà ẹ gbé ohùn sókè fún Benson àti Dairo, kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí Wizkid tó wọlé.

Bó bá jẹ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì ni, tàbí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ibẹ̀ bóyá ó ti gba ìwé àṣẹ orin lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin.

6. Lẹ́yìn ètò

Ẹ kọ orúkọ orin, olórin, ọdún àti ìṣẹ́jú tí ẹ lò sórí ìwé kan. Ẹ fi àmì sí èyí tí wọ́n ní kí ẹ tún gbé sí i àti èyí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láì gbọ́ ọ. Kí ẹ wá fi ìwé náà lé ẹni tí yóò bójú tó orin lọ́dún tó ń bọ̀ lọ́wọ́.