Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ìlò Fèrè Ọkọ̀ Ojú Irin Nínú Sìmúlétọ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ohun tí àwọn àgbà ń fi òwe yìí sọ ni pé ewu tí ìró rẹ̀ bá ti ṣáájú rẹ̀ dé máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá pàápàá láti sá àsálà, fèrè ló sì ń sọ ewu di àgbọ́tẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà rélùwéè. Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé irin méjì tó ń tọ̀ ti pinnu ibi tí yóò gbà. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè dúró lójijì, nítorí pé wíìlì irin ló ń yí lórí irin, wọn kì í sì í di ara wọn mú bí rọ́bà ṣe ń di ọ̀dà títì mú, débi pé ọkọ̀ ẹrù gígùn tó wúwo lè rìn ju kìlómítà kan lọ lẹ́yìn tí awakọ̀ rẹ̀ bá ti fa bíréèkì. Nígbà tí yíyà kò sí, tí dídúró sì jìnnà, ohùn ni awakọ̀ lè rán ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ará Ìlọrin. Ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901 àti Òṣogbo ní 1907, wọ Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ṣùgbọ́n kí fèrè rélùwéè tó dún nílùú náà rárá ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ tí fèrè ń ṣe, nítorí pé kàkàkí, ìyẹn fèrè irin gígùn tí wọ́n ń fọn fún Ẹ́mírì, kì í dún lásán: bí ó bá dún, olúkúlùkù mọ̀ pé ọlọ́lá ń bọ̀, wọ́n á sì yà fún un. Fèrè tó bá dún láìnídìí, tàbí tó bá dún nígbà tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti pẹ́ jù, ti kùnà iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ló yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa rélùwéè lórí kọ̀ǹpútà mú lọ sídìí sìmúlétọ̀. Sìmúlétọ̀ ni ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé ọkọ̀, ojú irin, àmì ọ̀nà àti ìwúwo ẹrù, kí ènìyàn lè kọ́ ìwakọ̀ láìtíì fọwọ́ kan ọkọ̀ gidi. Nínú Microsoft Train Simulator tó jáde ní 2001, àti nínú Open Rails tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, bọ́tìnnì gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ kíbọọ̀dù ni fèrè: bí ìka bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, fèrè á dún pẹ́; bí ó bá tètè gbéra, fèrè á ké kúrú. Níbẹ̀ ni ewu tó fara sin wà, nítorí pé kò sí ẹni tó ń kú nínú sìmúlétọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọjá ní oríta títì àti ojú irin láìfọn fèrè rárá, tàbí kí ó máa fọn ọ́n bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré. Àwọn àgbà sì ti sọ pé kékeré ni Ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Àṣà tí ìka bá kọ́ níbi tí kò ti sí ẹ̀mí tó lè sọnù ni yóò mú lọ síbi tí ẹ̀mí wà.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìgbà tó yẹ kí fèrè dún. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005 sọ pé fèrè gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 kí ọkọ̀ tó dé ibi tí títì mọ́tò ti gba orí ojú irin kọjá. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan ń rìn mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà mítà 300 sí 400 ló yẹ kí ohùn rẹ̀ fi ṣáájú rẹ̀, èyí tó tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó yan igi tàbí òpó kan tí yóò máa rán an létí, kí ó sì máa kà láti ibẹ̀ títí dé oríta. Ní Bìrìtìkó, wọ́n tilẹ̀ ń ri pátákó tí wọ́n kọ lẹ́tà W sí mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin láti fi ibi tí a ti ń fọn fèrè han awakọ̀.

Ìmọ̀ràn kejì ni kí ó mọ ohun tí fèrè ń sọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Bí dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀ láìlénu, bẹ́ẹ̀ ni fèrè rélùwéè ń fi gígùn àti kíkúrú sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìró gígùn méjì, kúkúrú kan àti gígùn kan ni ti oríta, ìró tó kẹ́yìn náà kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ títí ọkọ̀ yóò fi gun orí oríta. Ìró gígùn méjì láti ìdúró túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ti tú bíréèkì, ó ń lọ; kúkúrú mẹ́ta túmọ̀ sí pé ó ń padà sẹ́yìn; kúkúrú léraléra sì ni igbe ìkìlọ̀ fún ènìyàn tàbí ẹran tó wà lójú irin. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní èdè fèrè tirẹ̀, nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ti ilẹ̀ tí ojú irin tó ń wà bá jẹ́ tirẹ̀.

Ìmọ̀ràn kẹta ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí pé àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Fèrè tó ń ké láìdákẹ́ ń sọ etí di yigi, bí ẹni tó ń pariwo lójoojúmọ́ kì í ṣe é rí olùgbàlà lọ́jọ́ tí olè bá wọlé rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ Bìrìtìkó kì í fi í fọn fèrè nídìí pátákó W láàárín agogo méjìlá òru sí mẹ́fà àárọ̀, àfi bí wọ́n bá rí ènìyàn lójú irin tàbí ewu mìíràn.

Ìmọ̀ràn ìkẹyìn ni pé fèrè kò gba ipò ojú àti bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ẹni tó kọ etí ikún sí i. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní oríta PWD ní Èkó, ènìyàn 6 sì bá a lọ. Ẹni tó bá ti fi sìmúlétọ̀ mọ bí ó ti pẹ́ tó kí ọkọ̀ ojú irin tó lè dúró yóò mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bá a dupò ní oríta.

Nítorí náà, kí òbí tó rí ọmọ rẹ̀ nídìí eré yìí má kàn pè é ní àfiṣòfò, kí ó bi í léèrè ibi tó ti fọn fèrè àti ìdí tó fi fọn ọ́n. Kí ọ̀dọ́ tó ń wakọ̀ sì máa wo oríta inú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ìyá arúgbó kan tó ru igbá ń sọdá níbẹ̀: kí ó fọn fèrè fún un ní àkókò, kí ó fọn ọ́n bó ti tọ́, kí ó sì fọn ọ́n mọ níwọ̀n.