Oòrùn àti èéfín nígbà ooru

Ìbéèrè: Kí ló lè dáàbò bo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níta nígbà ooru ní New York?

Ìdáhùn: Láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni ìtànṣán oòrùn máa ń le jù. Fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ àti ìpara adènà-oòrùn tó tó SPF 30, tí wọ́n ń tún pa ní wákàtí méjì-méjì, ṣe pàtàkì. Oòrùn ń jó awọ dúdú pàápàá.

Afẹ́fẹ́ ló nira jù, nítorí ojú kì í sábà rí ewu rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, èéfín iná igbó láti Kánádà bo New York, òǹkà ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní AQI sì kọjá 400. Eruku inú irú èéfín bẹ́ẹ̀ kéré débi pé ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ìbòmú aláṣọ kò lè dá a dúró, àfi ìbòmú N95 tó bá fún mọ́ ojú dáadáa. Kódà láìsí iná igbó, oòrùn ọ̀sán máa ń sọ èéfín ọkọ̀ di gáàsì ózónì, èyí tí N95 pàápàá kì í dí. Ìdí nìyẹn tí òwúrọ̀ fi sàn fún eré. Bí AQI bá kọjá 100, kí ọmọ tó ní ikọ́ fée dín eré sísá kù. Bó bá kọjá 150, kí gbogbo ọmọ wọlé.